Fíríísà mi ń kùn, kò dì mọ́: ẹ gbà mí o

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kétu: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹja tútù ni mò ń tà. Kùtọnu ni mo ti ń kó o wá, ẹ sì mọ owó ọkọ̀. Inú ilé ni fíríísà wà tẹ́lẹ̀, àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe ní òórùn ẹja ò jẹ́ kí òun sùn. Mo bá kọ́ àtíbàbà onípáànù sí ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́yìn ebè gbọ̀rọ̀ mi. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ iná ló fa wáyà débẹ̀. Ó gbowó, ó jẹun, ó tún ní kí n di ẹja mẹ́rin fún ìyàwó òun. Oṣù kìíní dáa. Ní báyìí, fíríísà á kùn hùn-ùn, á dákẹ́, á tún kùn. Gílóòbù á ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ṣí i, ẹja ń léfòó nínú omi pupa. Páálí méjì ni mo dà nù! Àbúrò ọkọ mi ní fíríísà ló bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Oníná Àjàṣẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Wáyà yẹn gùn tó mítà mélòó? Kí ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀? Òkè ló gbà àbí inú ilẹ̀? Ṣé ó ní wáyà ilẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Pọ́bẹ̀: Ìyá ọkọ tèmi náà nìyẹn. Irú ni mò ń sè nígbà náà, ó ní ó ń lé àlejò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sè é lẹ́bàá ògiri aládùúgbò. Ẹ fara dà á. Ẹ ra régulateur, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sókè bó bá lọ sílẹ̀, tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àgbẹ̀ Sábẹ̀ẹ́: Níbi tiwa, òkúta ò jẹ́ ká gbẹ́lẹ̀. Orí òpó igi ni mo gbé tèmi gbà dé ilé ewúrẹ́. Ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀ka lù ú, ó já. Ewúrẹ́ mi kan kú sí i. Régulateur náà ni kí ẹ rà.

Oníná Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, régulateur kọ́. Bí iná bá ń dín lójú ọ̀nà, ńṣe ni régulateur á tún máa fa púpọ̀ sí i gba inú wáyà tó ń jìyà náà. Màmá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Pọ́bẹ̀: Ta ló ní régulateur ò dáa? Ọdún méjì rèé!

Oníná Àjàṣẹ́: Inú ilé ni tiyín wà, ìyá.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kétu: Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń ba àbúrò ọkọ mi lórúkọ jẹ́ o. Òun ló so iná ilé ìyá mi, kò gba kọ́bọ̀. Ó tó mítà 45. Wọ́n kọ 2 x 1,5 sí i. Inú ilẹ̀ ló gbà.

Oníná Àjàṣẹ́: Wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sí ti ilẹ̀. Kò dáa. 1,5 yẹn ni bó ṣe nípọn tó, ó sì tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí fíríísà bá fa áńpíà 12 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, bí fóòtì 13 ni á sọnù lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ò lè dá a dúró, ó sáà ṣiṣẹ́ lóṣù kìíní. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?

Bàbá Àgbà, Kétu: Ìyàwó wa, sọ òtítọ́ fún ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. O ti sọ ti ìyá ọkọ, o ti sọ ti ẹja mẹ́rin.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kétu: Ẹ má bínú, bàbá. Mò ń tún ebè gbọ̀rọ̀ ṣe, ọkọ́ bá wáyà náà. Kò jìn sílẹ̀, kò tó ìbú ọwọ́ kan. Ọmọ mi fi téèpù dúdú wé e, a da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí òjò bá rọ̀, ara fíríísà máa ń gbọ̀n wá lọ́wọ́ díẹ̀. Mo ti ní kí àwọn ọmọ máa wọ bàtà rọ́bà kí wọ́n tó ṣí i.

Oníná Àjàṣẹ́: Màmá! Ẹ pa disjoncteur, bọ́tìnnì tó ń já iná, èyí tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ báyìí. Bí kò bá ní tirẹ̀, ẹ pa gbogbo ilé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fíríísà, kí ẹ má sì bomi rin ebè yẹn.

Àgbẹ̀ Sábẹ̀ẹ́: Ẹ gbọ́ tirẹ̀, ìyá. Ẹsẹ̀ lásán ni ewúrẹ́ mi fi tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kétu: Ẹja ọ̀la ńkọ́? Mo ti sanwó.

Bàbá Àgbà, Kétu: Ẹja?

Oníná Àjàṣẹ́: Bí ẹ bá ti pa iná tán, ẹ gbé fíríísà padà sínú ilé, kí n kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó tan án. Wáyà yẹn, kí ẹ má tún un wé. Tuntun la máa fà, onímẹ́ta, 2,5 tó nípọn ju ìyẹn lọ, nínú ọ̀pá pupa. Sẹ̀ǹtímítà 60 la máa gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀, kí á tẹ́ nẹ́ẹ̀tì pupa sókè rẹ̀ kí ọkọ́ tó dé ibẹ̀ lè kọ́kọ́ rí i. A máa fi différentiel 30 mA, èyí tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, síbi compteur tó ń ka iná, kí a sì kan irin mọ́lẹ̀ fún wáyà ilẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kétu: Mo ti pa á. Aládùúgbò bá mi gba ẹja sínú fíríísà tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi gan-an ló di apá kan fíríísà mú, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ó ní òun á máa ṣí fèrèsé. Ọjọ́ wo lẹ lè dé Kétu?

Oníná Àjàṣẹ́: Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bá mi pe àbúrò ọkọ yín, kí àwa méjèèjì jọ gbẹ́ ẹ.