Aṣọ ẹbí láti Ìtòkú: báwo la ṣe máa mọ̀ pé aláró ló gba owó wa?

Ọmọ Lísàbi, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àdìrẹ 40, yáàdì 5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, la fẹ́ kó láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Fọ́tò nìkan là ń rí níbí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí ọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀? A ò fẹ́ kí owó wa fo aláró kọjá.

Aláró, Abẹ́òkúta: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gba fọ́tò aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tán nìkan. Ẹ ní kí wọ́n yà á nígbà tí àbẹ́là tí wọ́n fi kọ ọnà ṣì wà lára rẹ̀, tí aró ò tíì kàn án, kí wọ́n tún yà á nígbà tí wọ́n bá ti sè é tí àbẹ́là ti kúrò. Ẹni tó kàn ń ra aṣọ ẹ̀rọ tà ò ní fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí aró gbà wọlé níbi tí àbẹ́là ti sán. Ọ̀kan ò jọ̀kan. Bí ìlà kan náà bá tún yọjú ní yáàdì kejì, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Houston: Ẹ jẹ́ n fi kún un, torí ọ̀pọ̀ máa ń ní ká yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni fún oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àti alábẹ́là: aró wọ ẹ̀yìn bó ṣe wọ iwájú, ti ẹ̀rọ ló máa ń funfun lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ má fi wọn ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi alúmù sè kì í mu aṣọ já bí àbẹ́là gbígbóná. Ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí, tàbí kí wọ́n gbé páànù tí wọ́n gé ọnà sí lé e kí wọ́n fi ẹ̀kọ ra á. Ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ gidi á wá dúdú ju iwájú lọ, ọnà rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa làwọn èèyàn ń tìtorí èyí pè ní ayédèrú, ó ń dùn mí.

Aláró, Abẹ́òkúta: Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ dúnàá-dúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san àsansílẹ̀ tó máa ra aṣọ funfun, aró, sódà (caustic soda) àti háídírò (èròjà tó ń mú aró yọ́ sínú omi), ẹ má sì já owó lẹ́yìn tí aṣọ ti wọ aró. Aláró tí ẹ bá fún lọ́rùn, inú ìkòkò ló ti máa dín èròjà kù. Bí háídírò bá kéré, aró ò ní yọ́ dáadáa, ojú òwú lásán ló máa lẹ̀ mọ́, kò sì ní pẹ́ ṣí. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró búlúù máa ń rí bí ewé, afẹ́fẹ́ ló ń yí i padà. Bí wọ́n bá kánjú ṣàn án kó tó yí tán, àwọ̀ á máa bá omi lọ.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ìbọ̀wọ́. Sódà ń jẹ awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Omi la ń kọ́kọ́ bù, ká tó máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sódà, ó lè hó ta sí i lójú. Bí omi díẹ̀ bá kán sínú háídírò, á gbóná, á sì máa rú èéfín tó ń gún èèyàn láyà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, bàtà òjò, kí ìkòkò sì wà níta gbangba. Ẹ kọ owó wọn mọ́ owó iṣẹ́.

Ọmọ Lísàbi, Lọ́ńdọ̀nù: A ti gbọ́, a ó fi kún un. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká kó ọṣẹ dúdú àti ìpara sínú páálí kan náà ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Houston: Ọṣẹ dúdú dáa, kí wọ́n sáà fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì yọ́ sára aṣọ yín.

Ìpara tó ń bó ara, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ara rẹ̀: calomel, mercuric, mercurio, mákíúrì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, ẹ fura. Èyí tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá, ẹ dá a padà. Mákíúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kì í sì í dúró lára ẹni tó fi í para nìkan: ó ń lẹ̀ mọ́ táwẹ́lì àti ìrọ̀rí, ibẹ̀ lọmọ ọwọ́ ti ń kó o.

Aláró, Abẹ́òkúta: Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè 42 dípò 40, kí wọ́n sì rẹ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí wọ́n bá rẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Tó bá dé, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Ẹ má wulẹ̀ da iyọ̀ sí i, iyọ̀ kì í mú irú aró yìí dúró. Bí àbẹ́là bá ṣì le lára rẹ̀, ẹ tẹ́ bébà funfun sókè sísàlẹ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, bébà á fà á. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, yíǹkì rẹ̀ á kàn án.