Kí ni ká máa pe "charter school" ní Yorùbá?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, àbá mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní charter school: ilé-ìwé aládàáni oníwèé-àṣẹ, ilé-ìwé ṣátà, àti ilé-ìwé àdúgbò. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò ṣi àwọn òbí wa tí ń gbé ní Houston tàbí Brooklyn lọ́nà nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí ọmọ wọn yóò ti kàwé.

Ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin irú ilé-ìwé yìí ní ọdún 1991, èyí àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú St. Paul ní ọdún 1992. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é, òbí kì í san owó ilé-ìwé, bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé bá sì pọ̀ ju àyè lọ, kèké ni wọ́n sábà máa ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó dá dúró ni ó ń darí rẹ̀, lábẹ́ àdéhùn ọlọ́dún mélòó kan pẹ̀lú aláṣẹ ẹ̀kọ́. Bí kò bá sì mú àdéhùn náà ṣẹ, wọ́n lè tì í pa.

"Aládàáni" kò bá èyí mu rárá, nítorí owó gọbọi ni ọ̀rọ̀ náà ń mú wá sọ́kàn wa. "Ìwé-àṣẹ" kò yà á sọ́tọ̀, torí ilé-ìwé aládàáni ní Èkó àti Ìbàdàn náà gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Ní ti "ṣátà", ẹni tí ó bá ti ṣátà ọkọ̀ rí mọ̀ pé ẹni tí ó sanwó nìkan ni ọkọ̀ ń gbé.

"Àdúgbò" ni ó gba àlàyé jù. Ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ ń lọ nítorí pé ilé wọn wà ní agbègbè rẹ̀ ni orúkọ yẹn tọ́ sí. Ní New Orleans, lẹ́yìn ìjì Katrina ti ọdún 2005, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé-ìwé ìjọba ìlú náà bọ́ sábẹ́ irú àdéhùn yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni bọ́ọ̀sì ń gbé kọjá ilé-ìwé ìtòsí lọ sí òdìkejì ìlú. Síbẹ̀, ẹni tó mú àbá yẹn wá rí nǹkan kan: ní Hawaii, àwọn ọmọ onílẹ̀ lo irú àdéhùn yìí láti dá ilé-ìwé tí ń fi èdè wọn kọ́ ọmọ sílẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ wa, àwa tí a mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí ó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àbá tèmi ni "ilé-ìwé ìjọba aláàdéhùn". Wọ́n ní ó gùn, àti pé ká yọ "ìjọba" kúrò, mo kọ̀. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìpínlẹ̀ Oklahoma dá a lẹ́jọ́ pé ìjọ Kátólíìkì kò lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé ìjọba ni. Ìdájọ́ kan náà ni kò jẹ́ kí a lè yá "ilé-ìwé ìjọ" lò fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ìwé ìjọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn gba owó ìjọba nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955.

Mo rò pé orúkọ yìí lè bá academy ti ilẹ̀ England mu pẹ̀lú, ìyẹn ilé-ìwé tí ìjọba ń sanwó fún ṣùgbọ́n tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí àdéhùn pẹ̀lú mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń gba owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ jọ̀wọ́, ṣé yóò yé àwọn òbí ibẹ̀?