"If he were" àbí "If he was"? Ẹ gbà mí o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì yé dáadáa. Àbúrò mi obìnrin ń múra WAEC, èmi ni mo sì ń bá a kàwé nílé. A ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀: "If I had a car, I would drive to Ibadan." Ìyẹn yé wa. "Had" yẹn kò tọ́ka sí àná, ó kàn ń fi hàn pé kò sí ọkọ̀ nílẹ̀ ni.

"Were" ló ń da orí wa rú. Ìwé rẹ̀ ní "If he were here" ló tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni "he". Nínú fíìmù ńkọ́? "If he was here" làwọn òyìnbó fúnra wọn ń sọ ṣáá! Ṣé àṣìṣe ni, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu ni, tí kò kàn yẹ kó kọ sínú ìdánwò?

Ẹ tún bá mi wo èyí: "If I would have money, I would buy it." Mo ní kó kọ "If I had money", ó taku. Ó ní ṣebí "Ǹ bá lówó, ǹ bá rà á" là ń wí, tí "bá" wà níwájú àti lẹ́yìn. Ọmọ yìí lẹ́nu o! Báwo ni kí n ṣe là á yé e, láìda gírámà ńláńlá bò ó?