PPPoE lórí Debian: ping ń lọ, àmọ́ àwọn ojú ewé kan kò ṣí

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà Debian (irú Linux kan) ni mo fi ṣe ráútà, ètò pppd ló sì ń fi PPPoE (ìlànà ìwọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì) gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara módẹ́ẹ̀mù. ppp0, ìyẹn ojú ìsopọ̀ PPPoE náà, ń dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ráútà fúnra rẹ̀ sì ń ṣí gbogbo ojú ewé. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n: ping ń lọ, DNS (tó ń wá àdírẹ́sì ojú ewé) ń dáhùn, àmọ́ àwọn ojú ewé kan á kàn máa yí bírípó láìṣí.

MTU, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, ni mo fura sí. Láti orí laptop, `ping -M do -s 1464` ń kọjá; tí mo bá sọ ọ́ di 1465, èsì tó ń wá ni `Frag needed and DF set (mtu = 1492)`. Nígbà tí mo fi MTU laptop náà sí 1492, gbogbo rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa tọ fóònù kọ̀ọ̀kan lọ? Mo yẹ ppp0 wò, 1492 náà ló wà níbẹ̀. Mo tún ráútà tàn, pàbó.

Nínú nftables (ògiri ààbò Linux), òfin wo gan-an ni kí n kọ, inú chain (àkójọ òfin) wo ni yóò sì wà, kí ráútà lè máa dín MSS (ìwọ̀n dátà tó pọ̀ jù nínú pákẹ́ẹ̀tì TCP kan) kù sí 1452 fún gbogbo ẹ̀rọ? Ṣé yóò ṣì ṣiṣẹ́ bí ppp0 bá já tó tún dìde?