Àmù àtijọ́ tó ní ìlà lọ́rùn, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é?

Ọmọ Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Àmù kan wà ní yàrá ìyá ìyá mi ní Kétu níbí, ó ti pẹ́ gan-an, wọ́n ní ọwọ́ ìyá àwọn ni àwọn ti bá a. Ikùn ẹ̀ tóbi, ọrùn ẹ̀ kúrú, ètè ẹ̀ nípọn, ìdí ẹ̀ sì rí roboto débi pé kò lè dá dúró láìsí òṣùká. Láti èjìká dé ìdajì ikùn, ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki bí awọ alángbá, ìlà méjì tó jìn wá yí ọrùn ká. Ṣé ọ̀bẹ ni wọ́n fi fín in ni? Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ?

Ìyá Ṣábẹ: Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀bẹ o. Ṣùkù àgbàdo ni, àbí okùn tí wọ́n lọ́, wọ́n á máa yí i lórí amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Wò ó dáadáa, tóo bá rí ojú ibi tí hóró ti bọ́, ṣùkù ni, tó bá dàgẹ̀rẹ̀ tẹ̀ léra, okùn ni. Ìlà ọrùn yẹn ni wọ́n fi igi ṣóńṣó fà. Ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ tí àmù bá kún tí ara ẹ̀ tutù, ibi ṣákiṣàki yẹn lọwọ́ máa dì mú tí kò fi ní yọ̀ bọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Àbúrò, tọwọ́ bọ inú ẹ̀, wá ibi tó ga díẹ̀ níkùn. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò máa ń da ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé e, ìyẹn ni ìdí, tó bá le díẹ̀ wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa to amọ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ yí gígùn lé etí ẹ̀ títí dé ọrùn. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló ga díẹ̀ yẹn. Ìdí roboto ò ní igun tí iná ìta gbangba máa tètè là, inú iyanrìn ni wọ́n sì máa ń ri àmù sí nínú ilé. Tóo bá fẹ́ rí ibi tí obìnrin amọ̀kòkò lè bá ọnà dé, wá fótò iṣẹ́ Àbátàn ti Òkè-Ọ̀dàn, lódìkejì bọ́dà ní Nàìjíríà, àwọn ìkòkò òrìṣà Erinlẹ̀ tó ní ère obìnrin lórí ọmọrí.

Ọmọ Kétu: Ó ga níkùn lóòótọ́! Ojú hóró ni mo sì rí. Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí mi fẹ́ kùn ún lọ́dà kó lè dán.

Ìyá Ṣábẹ: Háà, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má dán an wò! Omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀ ló ń mú un tutù, tí ọ̀dà bá ti dí i, omi inú àmù ò ní tutù mọ́.