Ìgbafẹ́ ní Abíjàn: ṣé kí n lọ, àbí kí n gbọ́ ti ìyá mi?

Ọmọ Àjàṣẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá mi.

Olùkọ́ ni mí níbí ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí èmi àti àbúrò mi obìnrin lè lọ sí Côte d'Ivoire nígbà ìsinmi gígùn. A ò lọ ṣòwò, a ò lọ wáṣẹ́, ìgbafẹ́ la fẹ́ lọ ṣe. A fẹ́ rí Abíjàn, ká dé Grand-Bassam ká wo àwọn ilé ayé òyìnbó Faransé, ká sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Yamoussoukro tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ lọ́dún 1990.

Màmá mi ní òun ò gbà. Wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn nítorí ìbò kì í ṣe ibi tí ọmọ ènìyàn ń lọ gbafẹ́. Ohun tó tún mú un le ni pé ìyá tó bí wọn wà lára àwọn ará Dàhòmì (orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà) tí wọ́n lé ní Abíjàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1958. Wọ́n kó wọn nílé, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn padà wálé, aṣọ ọrùn wọn nìkan ló kù. Títí dòní ni wọ́n ń sọ ọ́ nílé wa. Mi ò lè ní kí màmá gbàgbé, torí òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá irú rẹ̀ ṣì lè ká àlejò mọ́ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbébẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ léèyàn níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ìyá Oníṣòwò, Kétu:

Ọmọ mi, o kú ìmúra. Ìyá rẹ ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Adjamé, àdúgbò kan ní Abíjàn, ni mo wà nígbà ìjà ìbò yẹn, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kó o lè mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni wọ́n dìbò ìpele kejì. Àjọ elétò ìbò ní Ouattara, tó ń bá ààrẹ Gbagbo du àga, ló wọlé, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ìpilẹ̀ ní Gbagbo ni. Àwọn méjèèjì búra, ààrẹ di méjì. Bó ṣe di pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn Gbagbo kó táyà dí títì nìyẹn, tí wọ́n ń gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Orúkọ ni wọ́n ń wò. Orúkọ tó bá ti jọ ti ará òkè ọ̀hún, ìyẹn àríwá tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí wọ́n ń ti Ouattara lẹ́yìn, wàhálà dé. Ọkọ mi, ọmọ Kétu pọ́ńbélé, Mùsùlùmí ni, orúkọ Mùsùlùmí ló sì wà nínú káàdì rẹ̀. Kò mọ ohunkóhun nínú òṣèlú wọn o! Kò lè jáde. Èmi ni mo ń jí jáde lọ ra omi àti attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, máa ti padà wọlé kí oòrùn tó mú. Ìlẹ̀kùn wa, kọ́bọ́ọ̀dù la fi ń tì í lẹ́yìn lálẹ́. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni bọ́ǹbù balẹ̀ sí ọjà Abobo, àdúgbò mìíràn ní Abíjàn, ó pa àwọn tó wá nájà. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni wọ́n tó mú Gbagbo.

Síbẹ̀, a ò kó wálé. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní Adjamé, ọmọ mi ọkùnrin ló ń mójú tó o. Torí náà, mi ò ní sọ pé kó o má lọ. Ohun tí mo fojú rí ni pé ìbò ló máa ń da ìlú yẹn rú. Lọ́dún 2020 náà, ènìyàn 85 ló kú nítorí ìbò. Tí kì í bá ṣe àsìkò ìbò, kálukú ń wá owó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni, wọn ò ráyè àlejò. Béèrè ọjọ́ ìbò kó o tó béèrè owó ọkọ̀.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà ìbò ààrẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí, wọ́n dí títì tó lọ sí Parakou níbí ní Sábẹ̀ẹ́. Sójà dé láti wá ṣí i, ìbọn dún, ènìyàn kú. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Abíjàn ń pè wá pẹ̀lú ẹkún, wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn! Lójú tiwọn, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ti ń jó. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ńkọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀ ń tajà ní ọjà Ouando yín.

Mi ò fi èyí fojú kéré ikú àwọn tó kú o. Ó ń dùn wá títí dòní. Àmọ́ tí ẹnì kan ní Abíjàn bá ń bi ìyá rẹ̀ bóyá kóun wá wo Àjàṣẹ́, mi ò ní fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ yẹn dá a dúró.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn, Àjàṣẹ́:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ni mo ń jẹ. Láti Kútọnu, ẹ ó gba Hilla-Condji wọ Tógò, Aflao wọ Gánà, Elubo sí Noé lẹ̀ẹ́ gbà wọ Côte d'Ivoire, Aboisso ló kàn, lẹ́yìn náà Bassam. A ò nílò físà, ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, ìbéèrè á dínkù. Ẹ má gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Séfà tiwa náà ni wọ́n ń ná, Gánà nìkan lẹ ó ti nílò sídì.

Ọ̀rọ̀ ewu: ìhà àríwá, lẹ́bàá ààlà Bùrùkínà, ẹ má débẹ̀. Àwọn agbébọn pa àwọn sójà ní Kafolo lóṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n sì tún padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú yín lọ wo ẹranko ní igbó Comoé, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ kọ̀. Yamoussoukro jìnnà sí gbogbo ìyẹn, ọ̀nà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ rìn ín.

Bassam náà rí tirẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ etíkun ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pa ènìyàn 19. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́. Àwọn ènìyàn ti padà síbẹ̀ tipẹ́. Òkun gan-an ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀.

Ní gáréèjì Adjamé, bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ báyìí ni àwọn ọmọkùnrin á dìde bo ẹrù yín, wọ́n á máa fà á síbí, fà á sọ́hùn-ún. Ẹ di báàgì mú sí àyà, fóònù kó má sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní "microbes" wà ní Abobo, ẹ má rìn níbẹ̀ lálẹ́. Òjò oṣù kẹfà ní Abíjàn máa ń kún títì, oṣù kẹjọ sàn jù.

Bàbá Àgbà, Àjàṣẹ́:

Mo kà gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yìí sẹ́yìn. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá.

Ní 1958, kì í ṣe pé wọ́n kàn kórìíra wa lásán. Àwọn Faransé kó àwọn ọmọ Dàhòmì lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Abíjàn, torí àwọn tiwa ti tètè kàwé. Nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ náà kàwé jáde, wọ́n bá àlejò lórí àga. Ìbínú yẹn ló tún yọjú láyé Bédié, ààrẹ wọn nígbà kan, tí wọ́n pè é ní "ivoirité", tí wọ́n ń wádìí ta ni ọmọ ìlú gan-an. Òun ló bí ogun 2002 tó pín ìlú sí méjì. Ẹ ò rí i pé kò kú bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àti ilẹ̀ ni ìjà yẹn dá lé. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ lọ náwó ni, kò gba àga ẹnikẹ́ni. Mo fara mọ́ ọn kó lọ. Àmọ́ kó má lọ láì gba ìyọ̀ǹda. Jẹ́ kí ìyá rẹ bá ẹni tó ń gbé níbẹ̀ báyìí sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, mo kúnlẹ̀ fún gbogbo yín. Mo ti wò ó: ìbò ààrẹ wọn ti kọjá ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó di 2030 kí òmíràn tó dé. Oṣù kẹjọ la ó lọ. Àríwá ò sí nínú ètò wa. Ẹ̀yin màmá Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Adjamé lè bá màmá mi sọ̀rọ̀?

Ìyá Oníṣòwò, Kétu:

Kí ló dé tí kò fi ní lè bá wọn sọ̀rọ̀? Fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsárì, á pè wọ́n. Sọ fún wọn kí wọ́n bi í ní gbogbo ohun tó bá wà nínú wọn.