Kí ni mo lè fi sí ọ̀sẹ̀ bàbá mi?

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní ojúmọ́ kì í tètè ṣú mọ́, síbẹ̀ ọdún ń sáré: Kérésìmesì kan ò ní tíì kúrò nílẹ̀ tí òmíràn á tún dé. Ó ń bà wọ́n nínú jẹ́, ó sì ń dun èmi náà.

Mo kà nípa Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé inú ihò àpáta láìsí aago, láìrí oòrùn, lọ́dún 1962. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ló jáde, àmọ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ló rò pé ó jẹ́! Àwọn ọjọ́ tó jọra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lọ́kàn. Ti bàbá mi náà jọra: tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ, oorun.

Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà. Mo ń rò ó bóyá kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí òbí yín ti fẹ̀yìn tì, kí lẹ ṣe tí Ọjọ́rú wọn fi yàtọ̀ sí Ọjọ́bọ̀? Báwo lẹ sì ṣe sọ ọ́ tí wọn ò fi rò pé ẹ ń ṣe wọ́n bí ọmọdé?